Oṣù Ọlọ́jọ́ Márùn-ún ní Addis Ababa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó bá rìn jìnnà ni í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀nà tí àwa Yorùbá ń gbà rìn jìnnà fínnífínní, a ó rí i pé kò wọ́pọ̀ kí ènìyàn rin ìrìn-àjò láìní ìdí kan pàtó. Oníṣòwò ń lọ nítorí ọjà, mùsùlùmí ń lọ sí Mẹ́kà, akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ nítorí ìwé, ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún sì ń lọ nítorí oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n kí tọkọtaya gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n forí lé ìlú tí wọn kò ní ẹbí tàbí ọ̀rẹ́, tí wọn kò tajà, tí wọn kò rajà, nítorí kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i nìkan, ìnákúnàá gbáà ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi rìn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, kí ilé-ìwé wa tó wọlé. Èdè Yorùbá ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ìwé girama. Ìṣirò ni ìyàwó mi ń kọ́ tirẹ̀. A fi àwọn ìbejì wa, ọmọ ọdún mẹ́fà, sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, a sì wọkọ̀ òfúrufú lọ sí Addis Ababa, olú-ìlú Etiópíà. Kì í ṣe gbogbo ohun tí a rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ ròyìn. Ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, nítorí pé àríyànjiyàn kan wà nínú ilé wa tí ó ti pẹ́, ọjọ́ márùn-ún náà sì jẹ́rìí sí i lọ́nà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò retí.

Àríyànjiyàn náà nìyí. Ilé-ìwé tí àwọn ọmọ wa ń lọ kì í fẹ́ gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ọmọ. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ yóò san owó ìtanràn. Àwọn ọmọ náà lè fi Gẹ̀ẹ́sì ka òǹkà dé ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi Yorùbá kà á dé ẹẹ́wàá, ó parí. Inú mi kì í dùn sí i. Ìyàwó mi kò kórìíra Yorùbá, ṣùgbọ́n ó máa ń bi mí pé, "Bàbá Ìbejì, níbo ni àwọn ọmọ yìí yóò ti lo márùndínláàádọ́ta? Ẹ̀yin gan-an, èdè wo ni ẹ fi ń ka owó oṣù yín?" Ìbéèrè tí ó le ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi náà a máa bi mí bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ìlú orí òkè ni Addis Ababa. Gíga rẹ̀ lé ní 2,300 mítà ju ìtẹ́jú òkun lọ, nítorí náà, èémí ni ẹni tí ó ti Èkó lọ yóò kọ́kọ́ fi mọ̀ pé òun ti kúrò nílé. Bí a bá gun òkè kékeré kan báyìí, a ó dúró bí arúgbó. Òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ, òtútù alẹ́ sì ń mú wa gidigidi. Ní ọdún 1886 ni a dá ìlú náà sílẹ̀ nígbà ayé Menelik. Taytu, aya rẹ̀, ni ó sọ ọ́ lórúkọ, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni òdòdó tuntun. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: òdòdó ofeefee kan máa ń bo àwọn òkè àyíká ibẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, a sì bá a níbẹ̀.

Ilé ìgbàlejò kékeré kan ni a wọ̀ sí nítòsí Arat Kilo. Ìyá àgbàlagbà kan ni ó ni ín, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, ni wọ́n sì jọ ń tọ́jú rẹ̀. Emama ni gbogbo ènìyàn ń pe ìyá náà, bí àwa náà ti í pe àgbà obìnrin ní Màmá láìdárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹsàn-án, ni a dé. Nígbà tí ìyàwó mi wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Pagume, ọdún 2016, ni ó rí.

Ọmọkùnrin náà ṣàlàyé fún wa. Oṣù mẹ́tàlá ni ó wà nínú ọdún wọn. Ọgbọ̀n ọjọ́ gééré ni oṣù méjìlá àkọ́kọ́ ní lọ́kọ̀ọ̀kan. Pagume ni ìkẹtàlá, ọjọ́ márùn-ún péré ni ó sì ní, àfi ní ọdún kẹrin-kẹrin tí ó máa ń di mẹ́fà. Ọdún tuntun wọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án tiwa, tàbí ọjọ́ kejìlá nígbà mìíràn. Iye ọdún wọn sì fi méje tàbí mẹ́jọ dín sí tiwa. Ìyàwó mi ro ó lójú ẹsẹ̀: méjìlá lọ́nà ọgbọ̀n, kí a fi márùn-ún kún un. Ó ní ìṣirò náà mọ́ ju tiwa lọ, nítorí kò sí pé ènìyàn ń ka eegun ọwọ́ kí ó tó mọ oṣù tí ó ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọdún 2016 ni a wà yìí o. Ẹ kò tíì san owó orí mi!"

Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé odindi oṣù kan ni a lò ní ọjọ́ márùn-ún.

Bí oṣù wọn ti yàtọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni aago wọn. Nígbà tí ọmọkùnrin náà ní oúnjẹ àárọ̀ yóò délẹ̀ ní aago kan, ìyàwó mi bi í pé aago ta ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún wa pé láti ìgbà tí oòrùn bá yọ ni àwọn ti ń ka wákàtí. Ohun tí àwa ń pè ní aago méje òwúrọ̀ ni aago kan lọ́dọ̀ wọn. Aago méjìlá ọ̀sán wa ni aago mẹ́fà wọn. Nígbà tí oòrùn bá sì wọ̀, aago méjìlá lù. Ní ilẹ̀ tí kò jìnnà sí agbedeméjì ayé, níbi tí ọ̀sán àti òru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jálẹ̀ ọdún, ìṣirò náà bọ́gbọ́n mu. Láti ọjọ́ náà lọ, a kò bá ẹnikẹ́ni dá àkókò láìbéèrè pé aago wọn ni tàbí ti àjèjì, kò sì sí ẹni tí ìbéèrè náà yà lẹ́nu. Oníkálukú wọn ni ó ń lo méjèèjì, tí ó ń gbé èkínní sọ́tùn-ún, tí ó sì ń gbé èkejì sósì.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwa náà ni a ni ìdájí, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán gangan, ìrọ̀lẹ́ àti àṣálẹ́. Ipa ọ̀nà oòrùn ni gbogbo wọn ń tọ̀. Ọ̀rọ̀ tí èdè Amharic ń lò fún wákàtí ni se'at. Ó bá 'sáà' tiwa tan, èyí tí a gbà láti inú èdè Lárúbáwá tí a sì fi ń pe sáà ẹ̀kọ́ ní ilé-ìwé. Ọmọ ìyá ni èdè Lárúbáwá àti Amharic, nítorí náà, ẹ̀ka igi kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti já, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà dé ọ̀dọ̀ oníkálukú.

Ọjọ́ kejì ni a wọ ìgboro. Ọkọ̀ kéékèèké aláwọ̀ búlúù àti funfun ni ó ń gbé èrò káàkiri, àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ sì ń pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ léraléra gẹ́gẹ́ bí ti Òṣòdì. Orúkọ àwọn ibùdókọ̀ ni ìyàwó mi fi kọ́ òǹkà. Ibìkan ń jẹ́ Arat Kilo, ibìkan ń jẹ́ Amist Kilo, ibìkan sì ń jẹ́ Sidist Kilo. Mẹ́rin ni arat, márùn-ún ni amist, mẹ́fà ni sidist. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti ń kà á dé ẹẹ́wàá.

Ní tèmi, iṣẹ́ mi ni ó ń dà mí láàmú. Fídẹ́lì ni orúkọ àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ èdè Amharic: ojúlówó lẹ́tà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìrísí méje gẹ́gẹ́ bí fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 231. Ara ilé ìfowópamọ́, ara ṣọ́ọ̀bù oògùn, ara ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, fídẹ́lì ni. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì, bí Piassa àti Merkato tí í ṣe orúkọ àdúgbò, fídẹ́lì náà ni wọ́n fi kọ wọ́n. Èmi tí mo ń fi ìwé kíkà jẹun wá di púrúǹtù láàárín ìgboro. Bí a bá dé ìkóríta, ìyàwó mi a dárúkọ nọ́ḿbà, èmi a sì máa wo ògiri bí ẹni tí ń wo ọnà.

Ní Musíọ́mù Orílẹ̀-èdè wọn, a rí ẹ̀dà eegun obìnrin àtayébáyé kan tí a hú ní ọdún 1974, tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 3.2 mílíọ̀nù ọdún. Lucy ni gbogbo ayé ń pè é, orúkọ tí àwọn tí ó rí i fà yọ láti inú orin Gẹ̀ẹ́sì kan. Dinkinesh ni àwọn onílé ń pè é, èyí tí ó túmọ̀ sí 'ìwọ jẹ́ ìyanu'. Ẹni tí ó bá mọ oríkì yóò mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì: èkínní ń tọ́ka sí i, èkejì ń kí i.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ fi ń rántí áńgẹ́lì Rufael. Wọ́n gbà pé òjò ọjọ́ náà jẹ́ òjò ìbùkún. Nígbà tí ó dé, àwọn ọmọdé kò sá wọlé; ṣe ni wọ́n sá bọ́ síta. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n. Mo mọ̀ pé àwọn ìbejì wa ni ó ń rò.

Ní ọjọ́ kẹrin a gòkè lọ sí Shiro Meda, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òwú funfun tí a hun etí rẹ̀ ní aláràbarà. Ìyàwó mi fẹ́ ra ìborùn kan tí wọ́n ń pè ní netela. Obìnrin tí ó ń tà á ní zetegn meto ni, èyí tí í ṣe ọgọ́rùn-ún lọ́nà mẹ́sàn-án. Ìyàwó mi ná an títí wọ́n fi fi ẹnu kò sí sebat meto, ọgọ́rùn-ún lọ́nà méje. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, mo rí i tí ó dákẹ́, tí ètè rẹ̀ sì ń mì. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni ó kọ́kọ́ pè é. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni mo san." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tún ní, "Ọgọ́rùn-ún ni a yọ kúrò nínú ẹgbẹ̀rún, ọgọ́rùn-ún ni a sì yọ kúrò nínú ẹgbẹ̀rin. Ìyá aláta tí mo ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ nílé kò fi Gẹ̀ẹ́sì pe owó ata fún mi rí. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni yóò pè é, màá sì ká owó fún un láìronú."

N kò fèsì. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un. Fún ọdún mélòó kan ni ó ti ń bi mí pé ta ni ń fi òǹkà Yorùbá rajà, nígbà tí ó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n yọ̀ tán. Ó rán mi létí pé lára kàlẹ́ńdà Emama, oríṣi nọ́ḿbà méjì ni ó wà: èyí tí gbogbo ayé ń lò, àti ti àtijọ́ tí ó ti inú èdè Ge'ez wá. Nínú ọjà, 1, 2, 3 nìkan ni wọ́n fi ń kọ iye owó. Ti àtijọ́ kò kọjá ṣọ́ọ̀ṣì àti kàlẹ́ńdà. "Àwọn náà kò di gbogbo nǹkan mú," ni ó wí. "Èyí tí wọ́n ń lò ni ó wà láàyè." Òótọ́ ni ó sọ.

Alẹ́ ọjọ́ karùn-ún ni àìsùn ọdún tuntun. Emama tẹ́ koríko tútù sílẹ̀, ó yan kọfí lójú wa, ó gún un, ó sì gbé e kaná. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń bù ú fún àlejò, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ: abol, tona, bereka. Ìbùkún ni ìtumọ̀ ti ìkẹta. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo sọ fún wọn pé àwa náà ń pe ìbùkún ní àlùbáríkà. Emama pàtẹ́wọ́, ó sì já òkèlè ìńjẹ́rà, oúnjẹ wọn tí ó fẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó sì kan díẹ̀ bí ògì, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi í sí mi lẹ́nu. Ìkẹ́ ni wọ́n ń fi èyí ṣe fún ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni ó béèrè, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì ń túmọ̀, pé irú lẹ́tà wo ni àwa fi ń kọ èdè wa. Mo dáhùn pé lẹ́tà àwọn ará Róòmù ni, tí a fi àmì sí lórí àti sí nísàlẹ̀ kí ó lè gbé ohùn wa. Mo kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sórí ìwé, mo sì pè wọ́n fún un. Ọmọkùnrin náà gba ìwé lọ́wọ́ mi. Ó ní fídẹ́lì pàápàá ní ohun tí kò lè gbé: ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà kọ 'ó wí' àti 'ó wà', bẹ́ẹ̀ ale ni èkínní, alle ni èkejì, tí a tẹ kọ́ńsónáǹtì mọ́lẹ̀. Òǹkàwé ni yóò fi ọgbọ́n orí mọ èyí tí òǹkọ̀wé ń wí. Inú mi dùn, nítorí mo mọ ohun tí ojú olùkọ́ ń rí nígbà tí àwọn ènìyàn bá kọ Yorùbá sílẹ̀ láìfi àmì sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán síbẹ̀. Ó rọra sọ fún wa pé Oromo ni bàbá òun, àti pé Finfinnee ni ìdílé bàbá òun ń pe ìlú tí a wà yìí. Nígbà ayé ọba Haile Selassie, kò sí àyè fún èdè Oromo ní ilé-ìwé. Amharic nìkan ni ìjọba mọ̀. Ní ọdún 1991 ni àwọn Oromo fẹnu kò láti máa fi lẹ́tà Róòmù kọ èdè wọn, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Ìlànà ẹ̀kọ́ ọdún 1994 ni ó sì fún àwọn èdè mìíràn láyè ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 2020 kí ìjọba àpapọ̀ tó fọwọ́ sí i pé kí Afaan Oromo, Tigrinya, Somali àti Afar di èdè iṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú Amharic. Ó sọ gbogbo èyí níwájú ìyá ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ Amhara, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyá náà sì ń bu kọfí fún un.

Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yìí ni kò jẹ́ kí n lè kọ ìròyìn alárinrin lásán nípa Addis Ababa. Ohun tí ó wù mí níbẹ̀ ni bí ìlú kan ti ń fi òṣùwọ̀n ara rẹ̀ wọn ọjọ́ ayé rẹ̀, láìfi èyí ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnikẹ́ni. Níbẹ̀ ni a ti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1963, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yí aago wọn padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjọ́-orí tàbí ẹwà lẹ́tà nìkan ni ó gbé Amharic ró. Agbára ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èdè mìíràn sì rù nínú ẹrù náà. Bí a bá ń bẹ̀bẹ̀ fún Yorùbá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀bẹ̀ lọ́nà tí a ó fi lè bẹ̀bẹ̀ fún Ẹ̀gùn tí ó wà láàárín wa pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré fún wa. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà, tí àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ wa gbé ìlànà jáde pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti pa ìlànà náà rẹ́. Ìwé ìjọba lè dé lónìí, kí ó sì lọ lọ́la. Ọjà kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó máa ka owó ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró de àṣẹ kí ó tó máa ná ní ọrọọrún, gẹ́gẹ́ bí ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún wa ti ń ná títí di òní yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kàlẹ́ńdà ara ògiri wa kò mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, èmi àti ìyàwó mi ti fẹnu kò. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ìbejì ni wọ́n ń bá ìyá wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá aláta. Àwọn ni wọ́n ń béèrè iye owó, àwọn ni wọ́n ń ná an, àwọn náà ni wọ́n sì ń ka ṣéńjì. Ilé-ìwé wọn kò tíì yí òfin rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, Táyéwò bá mi jiyàn pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin kò lè ju ẹgbẹ̀rin lọ láé, nítorí pé nǹkan kan ti kúrò nínú rẹ̀. Kẹ́hìndé bi í pé kí ni ó kúrò. Ó dáhùn pé, "Ọgọ́rùn-ún ni."